Mítà Kan, Yàrá Mẹ́fà: Bí Kristẹni Ṣe Lè Mú Sùúrù Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Aáwọ̀ Dé Ìparí Rẹ̀

Gbogbo wa la mọ Gálátíà 5:22 lórí, a sì mọ̀ pé ìpamọ́ra wà lára èso Ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n kí alájọgbé kanlẹ̀kùn láago mẹ́fà àárọ̀ pé ta ló lo iná tán, kó tó sọ gbólóhùn kejì, ohùn ti ròkè, a ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọdún mẹ́ta sí ara wa lọ́rùn, àwọn ọmọ sì ti tò sí kọ́rídọ̀ tí wọ́n ń wòran.

Ibi tí ọ̀pọ̀ Kristẹni ti ń kùnà ni pé wọ́n rò pé ẹni tó bá ti dákẹ́ ti mú sùúrù. Wọ́n á pa á mọ́ra lónìí, wọ́n á pa á mọ́ra lọ́la, lọ́jọ́ tí wọn ò bá lè pa á mọ́ra mọ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Sùúrù tí Bíbélì fi kọ́ wa ní iṣẹ́ nínú. Ó ní ohun tí à ń béèrè, ó ní ohun tí à ń sọ, ó sì ní ẹni tí à ń lọ bá.

Àpẹẹrẹ kan ni mo máa mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó lè yé wa: ilé oníyàrá mẹ́fà tí wọ́n jọ ń lo mítà kan, tí gbogbo wọn ń dá owó tọ́kìn dọ́gbadọ́gba. Màmá Ṣadé, àgbà obìnrin, ní fíríìjì tó fi ń ta omi tútù. Ìyàwó Bọ̀dé, tí kò tíì pẹ́ tó kó wọlé, ní fáànù kan àti gílóòbù méjì. Ẹni tí ìjà tirẹ̀ jẹ́ ti lọ́kọláya, ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tàbí ti ọmọ ẹgbẹ́ akọrin méjì, ìgbésẹ̀ kan náà ló máa tọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Bíbélì tí ẹ lè fi bírò sàmì sí. Ẹ ti ṣí Jóṣúà 22, Onídájọ́ 8:1-3, Onídájọ́ 12:1-6, Mátíù 18:15-17 àti Jẹ́nẹ́sísì 13 sílẹ̀ kí ìjà tó dé. Kò sẹ́ni tó ń ráyè wá ẹsẹ Bíbélì nígbà tí inú bá ń bí i.
- Ìwé kékeré àti bírò.
- Gbólóhùn kan tí ẹ ti fi kọ́ra: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé mi ná.” Ẹ máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu nínú yàrá yín títí tó fi máa mọ́ yín lẹ́nu. Lójú ìjà, ohun tó ti mọ́ni lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ló ń jáde.
- Àgbà kan tí ẹ̀yin àti ẹnìkejì jọ ń bọ̀wọ̀ fún, tí kì í tú àṣírí. Ẹ má dúró dìgbà tí ìjà bá dé kí ẹ tó máa wá a kiri.

Ẹ ka èyí kí ẹ tó tẹ̀síwájú

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún aáwọ̀ ojoojúmọ́. Kò sí fún ẹni tí wọ́n ń nà. Bí ẹnì kan bá ti gbé ọwọ́ sókè sí yín, tàbí tó ń halẹ̀ pé òun máa pa yín, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè dáàbò bò yín, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Dáfídì bọ̀wọ̀ fún Ọba Ṣọ́ọ̀lù títí dé òpin, síbẹ̀ nígbà tí Ṣọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ sí i, 1 Sámúẹ́lì 19:10 sọ pé ó yẹ̀ ẹ́, ó sì sá lọ ní òru ọjọ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí obìnrin padà sábẹ́ ẹ̀ṣẹ́ nítorí sùúrù ń fi ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni ṣeré.

Ìpele 1: Ẹ mọ ibi tí inú ti máa ń bí yín

Lọ́jọ́ tí ara bá tù yín, ẹ kọ ìjà mẹ́ta tó kẹ́yìn tí ẹ jà sínú ìwé yẹn. Aago mélòó ni? Ṣé ebi ń pa yín? Ṣé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Èwo gan-an nínú ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ló dùn yín? Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa rí i pé owó kọ́ ló dùn yín, ìwọ̀sí tó bá owó rìn ni.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ebi àti àárẹ̀. Nígbà tí ayé sú Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19, Ọlọ́run jẹ́ kó sùn, áńgẹ́lì fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí Ọlọ́run tó wá bi í léèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Ibi tí a ti ń ṣì í: ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí kọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkejì kún ojú ìwé. Ẹ̀yin lẹ̀ ń yẹ̀ wò níbí.

Àyẹ̀wò: ṣé ẹ lè parí gbólóhùn “Inú máa ń bí mi nígbà tí…” láìdárúkọ ẹnikẹ́ni? Bí ẹ bá lè parí rẹ̀, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìpele 2: Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Màmá Ṣadé ti dé ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ̀ ju kẹ́ ẹ máa lọ aṣọ lóru lọ! Àná ni mo ra tọ́kìn, ó ti tán!”

Kí ìyàwó Bọ̀dé tó fèsì, ó yẹ kó ti mọ ìtàn méjì kan tó jọra, tó wà nínú ìwé Onídájọ́. Ẹ̀yà Éfúráímù bínú wá bá Gídíónì pé kí ló dé tí kò pe àwọn nígbà tó lọ bá Mídíánì jà. Gídíónì ní kí ni òun ti ṣe tó tó ti wọn, ṣebí ọwọ́ wọn ni Orébù àti Séébù, àwọn ọmọ aládé Mídíánì, ti bọ́ sí? Ìbínú wọn rọlẹ̀. Ní orí kejìlá, Éfúráímù kan náà tún gbé irú ẹ̀sùn yẹn dé ọ̀dọ̀ Jẹ́fútà, wọ́n ní àwọn máa sun ilé mọ́ ọn lórí. Jẹ́fútà ní ẹjọ́ rere lọ́wọ́, ó ní òun pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Ó sọ òótọ́ tirẹ̀, ó sì kó ọmọ ogun jọ. Àwọn tó kú nínú Éfúráímù jẹ́ 42,000.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olódodo ti ń ṣubú. Pé ẹjọ́ tiwa dára kò pa iná ìjà rí. Gídíónì kò sì parọ́, kò pọ́n wọn lásán: Éfúráímù ló mú àwọn ọmọ aládé yẹn lóòótọ́. Ó wá òótọ́ tó máa tu ẹnìkejì lára, ìyẹn ló kọ́kọ́ sọ. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Òwe 15:1 náà ní ìdáhùn pẹ̀lẹ́ yí ìbínú padà.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí:

Ẹ dìde, kí ẹ kí i. “Ẹ káàárọ̀, mà.” Bó bá jù yín lọ, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó máa ń ṣòro fún àgbà láti máa bá ìjà lọ níwájú ọmọ tó ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ sọ òótọ́ kan tó máa tù ú lára: “Owó tẹ́ ẹ ná lánàá kì í ṣe kékeré, mà.” Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn yín: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé mi ná.”

Bí ẹ bá rí i pé inú tiyín náà ti ń ru, ẹ tọrọ àkókò, kí ẹ sì dárúkọ aago: “Mà, ẹ jẹ́ n gbé ọmọ dé iléèwé. Láago mẹ́rin, mo máa wá bá yín ní yàrá yín.” Ẹ rí i pé ẹ dé ibẹ̀ láago mẹ́rin. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí kò sì wá ti dá ìjà kejì sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta wà níbí.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi àdúrà jà. “Ọlọ́run á san án fún yín” tí a fi ẹnu kíkan sọ, èpè ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a fi àmín gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a gbàdúrà fún ọ̀tá, bí Jésù ṣe ní ká ṣe nínú Mátíù 5:44. Ọ̀tọ̀ ni kí a gbàdúrà sí i lórí.

Èkejì, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má gbé ẹsẹ Bíbélì tó ń ta bá a sórí status WhatsApp, ẹ má sì fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ ilé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́nu, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ fún un. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹlòmíràn ti lè gbé e dé ibi tí ẹ̀bẹ̀ yín kò lè dé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má yan odì. Ká máa fi ọjọ́ márùn-ún kọjá lára ara ẹni láìkíra, ká sì lọ máa jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run fún wa ní sùúrù, ìjà náà ló ń lọ lọ́wọ́, ó kàn jẹ́ pé kò lóhùn ni.

Àyẹ̀wò: ṣé ohùn yín kò ròkè ju ti ẹni tó ń kí aládùúgbò lọ? Ṣé ẹ ti jọ mọ aago tí ẹ tún máa sọ̀rọ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìpele yìí yọrí, ì báà jẹ́ pé inú ṣì ń bí yín. Bíbélì ní ká lọ́ra láti bínú, kò ní ká má bínú rárá.

Ìpele 3: Ẹ béèrè kí ẹ tó dájọ́

Ìpele yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, òun náà sì ni a máa ń fò.

Nínú Jóṣúà 22, ẹ̀yà Rúbẹ́nì, ẹ̀yà Gádì àti ìdajì ẹ̀yà Mánásè kọ́ pẹpẹ ńlá kan sí etí Jọ́dánì. Àwọn ẹ̀yà tó kù gbọ́, wọ́n gbà pé ọlọ́run mìíràn ni wọ́n fẹ́ máa bọ, wọ́n sì péjọ ní Ṣílò láti lọ gbógun tì wọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra, wọ́n rán Fíníhásì àlùfáà àti àwọn ìjòyè mẹ́wàá lọ béèrè. Ohùn tí wọ́n fi béèrè le. Àní wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n lọ, wọ́n sọ ọ́ lójú àwọn tó ni ọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ́tí sí ìdáhùn títí dé òpin. Ohun tí wọ́n gbọ́ kò jọ ohun tí wọ́n rò rárá. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn ará ìhà kejì odò pé bó bá dọ̀la, àwọn ọmọ àwọn ẹ̀yà tó kù lè sọ fún àwọn ọmọ tiwọn pé wọn ò ní ìpín nínú Olúwa. Ẹ̀rí ni wọ́n fi pẹpẹ náà ṣe, kì í ṣe fún ẹbọ. Ọ̀rọ̀ ogun parí síbẹ̀.

Ohun kan wà ní ẹsẹ 19 tí a kì í sábà wò. Àwọn tó wá béèrè kò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní bí ilẹ̀ ìhà ibẹ̀ yẹn bá jẹ́ aláìmọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ wá gba ìpín láàárín wa. Wọ́n ṣe tán láti fi ilẹ̀ tiwọn sílẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Kí ẹ tó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: kí ni mo lè fi sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Bí ẹ ṣe máa béèrè: ẹ lọ bá a ní yàrá rẹ̀, ẹ̀yin méjì péré, ní àkókò tí kò sí oníbàárà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe é ní kọ́rídọ̀, ẹ má ṣe é lójú àwọn ọmọ. Ẹ béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kó jẹ́wọ́. “Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ lò ó tán ni?” kì í ṣe ìbéèrè. Èyí ni ìbéèrè:

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó lẹ kíyè sí i pé iná náà ti lọ sílẹ̀?”

“Láàárọ̀ yìí ni. Alẹ́ àná tí mo wò ó, ó ṣì pọ̀.”

“Ṣé fíríìjì yín máa ń sinmi lóru, mà, àbí gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n títí?”

“Ah, ìyàwó, kì í sinmi o. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já, mo kàn ń fi okùn dì í ni.”

Ọ̀rọ̀ ti ń jáde nìyẹn. Fíríìjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò padé kò ní tutù tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó Bọ̀dé má tíì yọ̀. Màmá náà ní ìbéèrè tirẹ̀:

“Ṣé ọkọ rẹ kì í lọ aṣọ lóru ni?”

“Ó máa ń lọ̀ ọ́, mà. Lálẹ́ Sátidé, ti ọ̀sẹ̀ kan ló máa ń lọ̀ pọ̀.”

Áyọ́ọ̀nù oní-1,000 wáàtì máa jẹ yúnìtì kan láàárín wákàtí kan. Fáànù oní-70 wáàtì máa ṣiṣẹ́ bíi wákàtí mẹ́rìnlá kó tó jẹ yúnìtì kan náà. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀bi díẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì ní àwíjàre. Bí ọ̀pọ̀ aáwọ̀ ilé ṣe máa ń rí nìyí, kò sì sí bí a ṣe máa mọ̀ láìbéèrè.

Ibi tí a ti ń ṣì í: a ó béèrè tán, a ò ní dúró gbọ́ èsì. Òwe 18:13 sọ pé ẹni tó bá dáhùn ọ̀rọ̀ kó tó gbọ́ ọ, ìwà òmùgọ̀ àti ìtìjú ni fún un. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹ má já a gbà lẹ́nu, kódà bó bá ń ṣì í sọ.

Àyẹ̀wò: ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì sọ fún un: “Ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé…” Bó bá ní “Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mò ń sọ nìyẹn,” ẹ ti gbọ́ ọ. Bó bá ní “Rárá o,” ẹ padà sórí ìbéèrè. Ẹ má lọ sí Ìpele 4 títí ẹ ó fi gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn.

Ìpele 4: Ẹ sọ tiyín

Léfítíkù 19:17 ní kí ẹnikẹ́ni má kórìíra arákùnrin rẹ̀ lọ́kàn, kó bá a wí ni. Ẹ wo bó ṣe gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: bí a kò bá sọ ọ́, ìkórìíra ló máa dà nínú wa. Nítorí náà ẹ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó wà nílẹ̀: “Mà, ó dùn mí pé ẹ pariwo mọ́ mi lójú àwọn ọmọ mi.” Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fa ti ọdún tó kọjá wọ̀ ọ́, ẹ má sì sọ pé “gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣe báyìí.”

Àwọn lọ́kọláya, ẹ gbọ́ o. Éfésù 4:26 ní kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú wa. Àwọn kan ti fi ẹsẹ yìí jí ẹnìkejì wọn láago méjìlá òru pé dandan ni kí ọ̀rọ̀ tán lálẹ́ yìí. Ìbínú ni Pọ́ọ̀lù ní ká má gbé sùn. Kò sọ pé gbogbo ẹjọ́ gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ tó mọ́. “Olólùfẹ́ mi, mi ò bínú mọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́la lẹ́yìn oúnjẹ” bá ẹsẹ náà mu.

Àyẹ̀wò: ṣé ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kò ju ìmí mẹ́ta lọ? Ṣé ẹ kò bú ìdílé ẹnikẹ́ni?

Ìpele 5: Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹni kan tàbí méjì lọ

Mátíù 18:15-17 ní àtẹ̀lé: ìwọ àti òun nìkan lẹ kọ́kọ́ máa sọ ọ́, lẹ́yìn náà ẹlẹ́rìí kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ìjọ. Ìdàkejì rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń ṣe. Pásítọ̀ la kọ́kọ́ ń pè. Tàbí ká dìde nínú ìpàdé àdúrà, ká ní “Ẹ bá mi gbàdúrà nípa obìnrin kan nínú ilé wa,” kí gbogbo ìjọ sì ti mọ obìnrin tí à ń sọ. Òfófó ni, kódà bí a bá wà lórí ìkúnlẹ̀.

Àgbà tí ẹ ti yàn sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ pè báyìí. Kí ẹnìkejì mọ̀ pé ẹ pè é, kí àgbà náà má sì gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́dọ̀ yín ṣáájú. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe 18:17 náà sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ máa ń jọ olódodo títí ẹnìkejì á fi dé.

Bí ẹnìkejì kì í bá ṣe Kristẹni ńkọ́? Ẹ lo ẹni tí òun náà ń bọ̀wọ̀ fún: baba àdúgbò, lémọ́ọ̀mù, tàbí olórí àwọn ayálégbé. Ẹni tó bá wà ní Èkó lè lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Nínú 1 Kọ́ríńtì 6:5, ìbéèrè Pọ́ọ̀lù ni pé ṣé kò sí ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo láàárín wọn tó lè ṣe ìdájọ́ láàárín ará ni. Ọlọ́gbọ́n tó lè là wá là ń wá.

Àyẹ̀wò: kí àgbà náà lè sọ ẹjọ́ àwọn méjèèjì bí àwọn fúnra wọn ṣe sọ ọ́.

Ìpele 6: Ẹ ṣe àdéhùn, tàbí kí ẹ pínyà ní àlàáfíà

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé sílẹ̀. Ní ilé oníyàrá mẹ́fà yìí: Màmá Ṣadé máa pààrọ̀ rọ́bà fíríìjì, ó sì máa san ìpín méjì nínú owó tọ́kìn. Bọ̀dé kò ní lọ aṣọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ra tọ́kìn máa kọ iye yúnìtì àti ọjọ́ sí ara pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ máa tún un yẹ̀ wò, oṣù kan dára. Àdéhùn “a máa gbìyànjú” kò tíì di àdéhùn.

Nígbà míì, ohun tó máa mú àlàáfíà wá ni kí oníkálukú ní mítà tirẹ̀. Kò burú. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 13, àwọn darandaran Ábúrámù àti ti Lọ́ọ̀tì ń jà, ilẹ̀ kò sì gbà wọ́n. Ábúrámù ló dàgbà, òun ló ni ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ mú. Ó ní kí Lọ́ọ̀tì, ọmọ arákùnrin rẹ̀, mú èyí tó bá wù ú. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà náà pínyà nítorí Máàkù, ìjà náà sì le. Síbẹ̀ nínú 2 Tímótì 4:11, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n mú Máàkù wá, ó wúlò fún òun.

Ibi tí a ti ń ṣì í: a ó pínyà tán, a ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó lọ fún àwọn tó kù.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn gba àkókò. Lẹ́yìn tí Lọ́ọ̀tì ti lọ, àwọn ọba kan kó o lẹ́rú, Ábúrámù sì kó ọkùnrin 318 láti ilé rẹ̀, ó lépa wọn dé Dánì, ó sì gbà á padà. Bí fíríìjì Màmá Ṣadé bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ìyàwó Bọ̀dé máa bá a wá oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe? Bó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an, aáwọ̀ owó iná ti parí. Bí inú rẹ̀ bá dùn pé ó bàjẹ́, kó padà sí Ìpele 4, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì sọ.